Pátákó Àmì Ẹ̀yẹ láti Ọwọ́ Agbẹ́gilére Kan ní Kétu

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, pinnu láti dá ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan lọ́lá ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n wá ohun tí a ó fi lé e lọ́wọ́. Mo kọ̀ láti tún ra irú ife ẹ̀yẹ aláwọ̀ wúrà tí a máa ń rà, mo sì gbé iṣẹ́ náà lọ bá bàbá agbẹ́gilére kan tí ìdílé rẹ̀ ti ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ìrandíran. Pátákó tí ó gbẹ́ fún wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní agbègbè Plateau, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Pobè àti Sakété, a máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọmọ náà ṣe kò lè mọ̀ bóyá pátákó náà yẹ ẹ́. Ọ̀sán Sátidé ni ẹgbẹ́ wa ń péjọ, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ yìí ló ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán nítòsí ibi ìpàdé wa máa ń dúró lójú fèrèsé, tí wọn kì í wọlé. Ó jáde lọ bá wọn, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn fẹ́ mọ nọ́ńbà tí ó wà lára okùn ìwọ̀n kà, kí àwọn sì lè kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé orí lásán ni àwọn fi ń gbé ìwọ̀n oníbàárà, bí àwọn bá sì gbàgbé, wàhálà dé. Láàárín ọdún kan, ó kọ́ méje nínú wọn láti ka nọ́ńbà, láti kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé, àti láti ka Yorùbá, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń múra ìdánwò BEPC, ìyẹn ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì yege. Kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ náà.

Ìdí tí mo fi kọ ife ẹ̀yẹ ni ohun tí ojú wa rí ní ọdún tí ó ṣáájú. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ra ti ọdún náà fo lẹ́tà kan nínú orúkọ ọmọkùnrin tí a fẹ́ yẹ́ sí, ọ̀dà wúrà ara ife náà sì ti ń ṣí kí ọdún tó yí po. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi àtàǹpàkò bo ibi tí wọ́n ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ nígbà tí a ń ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wa ní Benin. Ìwé ìbí a máa kọ orúkọ Yorùbá bí Faransé ṣe ń kọ̀wé, tí “ṣ” á di “ch”, tí “u” á di “ou”. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ń lo “ɛ” àti “ɔ”, nígbà tí àwọn ìwé tó ń wá láti Nàìjíríà ń lo “ẹ” àti “ọ”. Ọmọ kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan tí a ń kọ ní ọ̀nà mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún bàbá agbẹ́gilére, ó bi mí pé, “Báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é?” Ó ní kí n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí òun lè gbọ́ ibi tí ohùn ti ròkè àti ibi tí ó ti wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bàbá náà kò kàwé, ṣùgbọ́n gbogbo àmì orí àti ti abẹ́ ni ó fi èédú yà sórí igi kí ó tó fi irin kàn án, kò sì sí ọ̀kan tí ó sọnù. Èyí ni mo fi gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ tayọ ti ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti ní kí ó gbẹ́ ìràwọ̀ sí i. Ó kọ̀, ó ní kí n sọ ohun tí ọmọ náà ṣe fún òun. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán, ẹnubodè Akaba Idena ni ó gbẹ́, èyí tí ó ṣẹ́ kù lára odi àtijọ́ wa lẹ́yìn tí ogun Dàhọ̀mì kó Kétu ní 1886. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìwé kan sì wà ní àárín rẹ̀. Ojú ọnà bàbá náà hàn kedere, ẹni tí ó bá ti rí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ọmọ ènìyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008. Inú mi dùn pé ọwọ́ kan náà ni a fi yẹ́ ọmọdébìnrin kan sí.

Iṣẹ́ náà ní àléébù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá dá fún wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà, alẹ́ tí ọjọ́ ayẹyẹ kù ọ̀la ni pátákó náà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, lẹ́yìn tí mo ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀dà pupa tí ó fi kun ilẹ̀kùn kò tíì gbẹ dáadáa, ó sì ràn mọ́ aṣọ funfun ọmọ náà díẹ̀. Kò sí ihò tí a lè fi gbé e kọ́ sára ògiri, káfíńtà ni ó bá wa ṣe é. 20,000 sẹ́fà ni a san, ìdajì rẹ̀ ní àsansílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ife ọdún tí ó ṣáájú kò ju 12,000 lọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ṣì ń sọ pé ó wọ́n. Lójú tèmi, kò wọ́n, nítorí igi náà le, ó sì wúwo, kò sì sí ohun tí yóò ṣí lára orúkọ tí a gbẹ́ wọnú igi.

Níbi ayẹyẹ, a kò jẹ́ kí alága ẹgbẹ́ ka ohun tí a kọ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kọ́ṣẹ́ méje náà ni ó dìde, ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì ka orúkọ olùkọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún agbẹ́gilére kí ó lọ ní oṣù kan àbọ̀ ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ, kí ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà sílẹ̀ tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sọ̀rọ̀ ihò ẹ̀yìn pátákó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì gba orúkọ ọmọ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ sórí ìwé.