Ọ̀dọ̀ Ìyá Oníyán ní Ilé-Ifẹ̀, Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ti Kétu Wá

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi ní ilé-ìwé láti kékeré. Nígbà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà mí wọlé, ohun tí àwọn ará ilé ń tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe òkèèrè ni mò ń lọ, nítorí pé láti Ifẹ̀ ni ìtàn wa ti sọ pé àwọn tó tẹ Kétu dó ti ṣí wá, àti pé ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889 ni ó sọ wá di ará ilẹ̀ ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò níhìn-ín fi yé mi pé àlejò ni mí, níbi owó, níbi oúnjẹ, àti níbi ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá. Búrẹ́dì lásán di ìṣòro: tiwa gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ le, kò sì ní ṣúgà, ti ìhín yìí rọ̀, ó sì dùn, mo sì wá irú tiwa káàkiri Sábó títí ó fi sú mi. Ibi tí ara ti kọ́kọ́ tù mí ni ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà tó ti géètì yunifásítì lọ sí Lágéré, nítòsí Mayfair. Kò ní pátákó orúkọ. "Ọ̀dọ̀ ìyá oníyán" ni àwọn ọlọ́kadà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ọkà ni mo béèrè. Ní ilé bàbá mi, ìyẹ̀fun àgbàdo tí a rò, tí ó funfun, ni à ń pè ní ọkà. Ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ gbé àwo àmàlà dúdú kan wá síwájú mi, mo sì rò pé ó ṣi tábìlì. Mo ní kì í ṣe tèmi. Ó ní ọkà tí mo béèrè nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹ́ di àríyànjiyàn ni ìyá fúnra rẹ̀ dìde nídìí ìkòkò, ó wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé ará Ìmẹ̀kọ ni ọ́ ni?" Ìmẹ̀kọ wà ní ìhà Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bákan náà ni ọ̀rọ̀ wọn àti tiwa ń dún. Mo dá a lóhùn pé Kétu ni mo ti wá. Ó ní: "Ẹ̀ẹ́n, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ọkà wo wá ni ẹ̀yin ń pè ní ọkà?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbé àmàlà náà kúrò, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ó bu iyán bí ẹyin adìẹ sínú àwo kékeré, ó kán ẹ̀fọ́ lé e, ó ní kí n tọ́ ọ wò kí n tó sọ ohun tí n óò rà.

Iyán náà ni mo rà, òun ni mo sì ń jẹ níbẹ̀ títí di òní. Odó méjì wà lẹ́yìn ilé, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ń gún iyán nínú wọn ní méjì-méjì, ọmọ-odó kan ń lọ sókè bí èkejì ti ń bọ̀ nílẹ̀. Wọn kì í gún un kalẹ̀ láti òwúrọ̀ kí wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá di ọ̀sán. Bí ènìyàn ṣe ń jókòó ni wọ́n ń gún un, ó máa ń gbóná dé ọwọ́, kò ní kókó, kò sì lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ ni mo fẹ́ràn jù nínú ọbẹ̀ wọn, nítorí pé irú wooro ni wọ́n fi sè é, òórùn irú yẹn sì gbé mi padà sí ilé ìdáná ìyá mi lójú ẹsẹ̀. Ata wọn pọ̀ díẹ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo tún fẹ́ yin ìyá náà fún. Ní ilé, owó onírin wẹ́wẹ́ kì í wọ́n nínú àpò wa. Níhìn-ín, owó bébà ni, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì fẹ́ kí ènìyàn fi fóònù ṣe tíráńsífà. Àlejò láti ilẹ̀ mìíràn kì í tètè rí àkáǹtì ṣí, torí pé báńkì yóò kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò tíì ní. Owó ọwọ́ ni ìyá ń gbà lọ́wọ́ mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí kò ní ṣéńjì, ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan tí epo ti ta sí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi pé: "Ọmọ Kétu, 300." Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, kí n tó jókòó, ó ti ka ọ̀ọ́dúnrún náírà náà lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀ ni omi ìfọwọ́. Abọ́ kan ni wọ́n máa ń gbé sáàárín tábìlì, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin a sì ti fọwọ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ omi náà. Garawa tó ní ẹ̀rọ omi lẹ́nu kò wọ́n lọ́jà, ilé oúnjẹ tó ń rí èrò tó báyìí sì yẹ kó ní ọ̀kan. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé ọmọbìnrin náà ka ẹran méjì sí mi lọ́rùn nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ni mo jẹ. Ó bẹ̀ mí nígbà tí mo sọ fún un.

Iyán méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran kan jẹ́ ₦2,200 nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tètè dé ibẹ̀ kí aago kan ọ̀sán tó lù, torí pé ó máa ń tán. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìyá ní bí mo bá lọ sílé fún ìsinmi, kí n bá òun mú ìyẹ̀fun ọkà wa bọ̀, kí n sì fi bí a ṣe ń rò ó han òun. Mo ti pe ìyá mi lórí fóònù pé kí ó lọ kóńgò méjì sílẹ̀ dè mí, kí ó sì jẹ́ kí ó kúnná dáadáa.