Junior Researcher Programme: iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí lásán

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka saikọ́lọ́jì, ètò yìí, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ìwádìí, dára. Inú EFPSA, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ saikọ́lọ́jì Yúróòpù, ló ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ wà lára àwọn tó tún ìwádìí Kahneman àti Tversky ti 1979 ṣe, èyí tó dá lórí bí ènìyàn ṣe ń yan nǹkan nígbà tí kò dájú ohun tí yóò rí. Kai Ruggeri ló ṣaájú wọn, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú Nature Human Behaviour, ìwé àtìgbàdégbà fún ìwádìí, ní 2020. Orílẹ̀-èdè 19, èdè 13, ènìyàn 4,098! “Ṣé owó tó dájú lo fẹ́, àbí èyí tó pọ̀ tí o lè má rí?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n túmọ̀, wọ́n sì ṣírò iye rẹ̀ bá owó tó ń wọlé fáwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ló wù mí jù. Owó ọkọ̀ àti físà, ìyẹn ò ní rọrùn fún ọmọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wà lọ́hùn-ún, ẹ forúkọ sílẹ̀ kíá. Ẹni tó fẹ́ràn oorun Sátidé ni kó má dé ibẹ̀ o.