Àgbéyẹ̀wò Ètò Orí Fóònù Tó Ń Ṣírò Jíjìn Ìlú sí Ìlú àti Wákàtí Inú Bàálù

Iṣẹ́ bíbá èèyàn ṣètò ìrìn àjò ni mo ń ṣe ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà sì sábà máa ń bi mí, kí wọ́n tó dórí owó pàápàá, ni pé wákàtí mélòó ni àwọn máa lò lókè. Ìdí nìyí tí mo fi gba ètò ìṣirò kan sórí fóònù mi. Bí èèyàn bá ti kọ orúkọ ìlú méjì sí i, yóò sọ iye kìlómítà tó wà láàárín wọn àti àkókò tí bàálù yóò fi rìn ín.

Ní ti jíjìn, n kò rí àléébù kankan níbẹ̀. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ó lé díẹ̀ ní 5,000 kìlómítà. Láti Àkúrẹ́, ó ní kò ju nǹkan bíi 4,950 lọ. Màmá kan tó fẹ́ lọ wo ọmọ ọmọ wọn ń wo fóònù náà pẹ̀lú mi, wọ́n sì pariwo pé, "Ṣé àwa la tún wá sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju ará Èkó lọ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ lọ sí Èkó ná." Òótọ́ ni iye náà, nítorí Àkúrẹ́ wà ní àríwá ju Èkó lọ, bí ẹyẹ ṣe ń fò gbọọrọ ni ètò yìí sì ń wọn ọ̀nà. Nípa ìwọ̀n kan náà, Àbújá tún sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju àwa náà lọ, bàálù sì ń gbéra tààrà láti ibẹ̀.

Àkókò ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó fi nǹkan bíi 800 kìlómítà ní wákàtí kan pín jíjìn náà, kó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Fún Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ìṣirò yìí kò jìnnà sí òótọ́, nítorí bàálù tó lọ tààrà máa ń lò tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún gbé irú iye bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún Àkúrẹ́, bí ẹni pé bàálù Lọ́ńdọ̀nù ń dúró deni ní pápákọ̀ òfuurufú wa tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, níbi tó jẹ́ pé ìrìn àjò abẹ́lé ni wọ́n ń ná. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ dé Èkó yóò rin nǹkan bíi 300 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ojú òfuurufú kò ju nǹkan bíi 220 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tún jókòó fún wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀ kí bàálù tó gbéra.

Kò ka afẹ́fẹ́ sí rárá. Iye kan náà ló ń gbé jáde fún àlọ àti àbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sí New York, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn máa ń ti bàálù tó ń bọ̀ láti New York lẹ́yìn, tí àbọ̀ fi ń yá ju àlọ lọ ní bíi wákàtí kan.

Aago ìlú méjèèjì tó ń fi hàn péye. Ó mọ̀ pé a ń fi wákàtí kan ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù wọn, àti pé aago wa bá tiwọn dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ọ̀fẹ́ ni, ìpolówó inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo ṣì ń lò ó fún jíjìn àti aago, ṣùgbọ́n orí tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ka wákàtí fún oníbàárà.