Àgbèrè: Ẹ̀wọ̀n Tàbí Owó Gbà-má-bínú?

Bí ọkùnrin bá gba ìyàwó oníyàwó l'Ákúrẹ́, ọlọ́pàá ò lè torí ẹ̀ mú un. Òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà kò ka àgbèrè sí ọ̀ràn. Lókè Ọya, abala 387 Penal Code (ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tiwọn) lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 2, bí òfin ìbílẹ̀ tó dè é bá kà á sí ọ̀ràn.

Tiwa dùn mọ́ mi ju tiwọn lọ. Lábẹ́ òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ọdún 1970, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù lè gba ìkọ̀sílẹ̀ nílé ẹjọ́, kó sì gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ àlè ọkọ tàbí aya rẹ̀. (Mágùn ò sí nínú ìwé òfin o!) Bí bàbá bá wà lẹ́wọ̀n, ta ni yóò san owó ilé-ìwé? Àmọ́ lọ́yà wọ́n. Ìyá alátà Ọjà Ọba ò lè tètè rówó ẹ̀.