Táìlì aláràbarà, síǹkì bàbà, dígí páànù: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ọwọ́ Mẹ́síkò nínú balùwẹ̀ kékeré

Balùwẹ̀ àlejò tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Houston ni mo fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Mẹ́síkò tún ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà 5 níbùú, 7 lóròó, kò sí fèrèsé kankan. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń wẹ̀ níbẹ̀, torí náà mo lè sọ èyí tó yẹ kí ẹ náwó sí àti èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀ lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti táìlì amọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ya òdòdó sí, òun ló gba owó jù, òun náà ló sì dùn mọ́ mi nínú jù. Talavera ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní Texas níbí, ṣùgbọ́n láti 1995 ni Mẹ́síkò ti fi òfin dáàbò bo orúkọ yẹn. Ìlú díẹ̀ péré ní ìpínlẹ̀ Puebla àti Tlaxcala ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i lónìí, UNESCO náà sì ka iṣẹ́ wọn mọ́ ogún àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2019. Dolores Hidalgo ní ìpínlẹ̀ Guanajuato ni tèmi ti wá, ẹni tó tà á fún mi kò sì fi pa mọ́. Inú mi dùn sí òtítọ́ yẹn. Ìlú yìí náà kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ amọ̀: Miguel Hidalgo, àlùfáà tó pe àwọn ènìyàn síta fún ìjà òmìnira níbẹ̀ ní 1810, wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ amọ̀ gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Owó táìlì ibẹ̀ kò sì gani lára bíi ti Puebla.

Ẹ gbé ẹyọ kan sọ́wọ́ kí ẹ tó rà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ amọ̀ pupa lásán, etí rẹ̀ kò tọ́ dáadáa. Lójú rẹ̀, ẹ máa rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kọ́kọ́ kàn án: àwọ̀ aró ibẹ̀ ki, ó wá ń fẹ́lẹ́ títí ọwọ́ ayàwòrán fi dé ẹnu ewé òdòdó náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bíi ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ bára mu régérégé, kó lọ ra ti ẹ̀rọ.

Oníṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ra pinpin kí wọ́n lè tọ́ gbọọrọ. Mi ò gbà fún un. Ọmọ Guanajuato kan ló bá mi ṣe é níkẹyìn, iṣẹ́ rẹ̀ sì wú mi lórí gan-an. Ó tú gbogbo páálí sílẹ̀, ó pò wọ́n pọ̀ kí àwọ̀ wọn má baà ya síra lójú ogiri, ó ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán nìyẹn, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló rì wọ́n sínú báàfù omi, nítorí amọ̀ gbígbẹ máa ń fa omi inú simẹ́ǹtì mu, simẹ́ǹtì á sì gbẹ kó tó dì í mú. Àlàfo tó tó ìdámẹ́rin ínṣì ló fi sáàárín wọn. Kó tó dí àlàfo yẹn, ó fi oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan wọlé pa ojú táìlì, torí ojú tó ń dán yẹn máa ń ní ìlà tín-ín-rín, simẹ́ǹtì tó bá dúdú á wọ inú ìlà náà, kò sì ní jáde mọ́.

Nínú balùwẹ̀ tó mọ báyìí, ogiri kan ti tó. Ogiri ẹ̀yìn síǹkì ni a tò, láti orí síǹkì dé àjà, mo kun ìyókù ní funfun. Mo mọ̀ pé ilé ìdáná àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Santa Rosa ní Puebla, táìlì ló bo ogiri rẹ̀ títí dé òrùlé, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n yàrá ńlá nìyẹn, ààyè wà fójú láti sinmi. Nínú tiwa, bí ẹ bá jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀, orúnkún yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ogiri.

Ìdí kan náà ni mi ò fi ra síǹkì tí wọ́n ya òdòdó sí. Bàbà ni mo rà, irú èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù ní ìlú Santa Clara del Cobre ní ìpínlẹ̀ Michoacán. Ojú òòlù hàn lára rẹ̀ yíká, iná gílóòbù sì ń bá a ṣeré lálẹ́. Ọṣẹ ìfọyín máa ń fi àmì tó ń dán sí i, àmì náà á tún ṣókùnkùn padà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kẹ́míkà ìfọ-ilé-ìgbẹ́ kàn án o. Ọṣẹ lásán àti aṣọ rírọ̀ ló fẹ́.

Dígí onípáànù ni mi ò lè gbà yín níyànjú láti rà. Iṣẹ́ ara férémù páànù rẹ̀ dára, wọ́n fi ìṣó lu ẹyẹ àti òòrùn sí i yíká. Ṣùgbọ́n ooru omi gbígbóná kò tíì pẹ́ lára rẹ̀ tí ìpẹtà fi yọ ní etí ìsàlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà báyìí, ó sì ń dán níbẹ̀. Bí ilé ìgbẹ́ yín kò bá ní ibi ìwẹ̀, ẹ lè gbé e síbẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ta táìlì ilẹ̀ ti ìlú Saltillo ní Mẹ́síkò fún mi pẹ̀lú. Amọ̀ tí wọn kò pa nǹkan sí lójú ni, ó máa ń mu omi, èèyàn á sì máa pa á ní oògùn látìgbàdégbà. Ó tún nípọn, ìlẹ̀kùn wa ìbá ti máa ha á. Mo lo táìlì pupa tí kì í yọ̀ dípò rẹ̀.

Iye táìlì ínṣì 4 tó ń kún ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó jẹ́ 9. Ẹ fi bíi 15 kún gbogbo 100 tí ẹ bá rà, nítorí àwọn kan á fọ́ lọ́nà, àwọ̀ aró tí wọ́n bá sì sun nígbà mìíràn kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba.