Ère àgbọ̀nrín: aláṣọ tó ṣeé ká, àbí oníke odidi?

Nínú ère tí ọdẹ fi ń tan àgbọ̀nrín wá sítòsí, aláṣọ ni mo kọ́kọ́ rà. Ó fúyẹ́: àwòrán àgbọ̀nrín lára aṣọ, tí wọ́n fi wáyà na etí aṣọ náà. Ẹ ká a sínú àpò, ó parí, owó rẹ̀ náà kò sì tó ti oníke. Oníke ní tirẹ̀, ẹrù gidi ni. Orí lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, ìwo lọ́tọ̀, ẹ óò sì máa tò ó pọ̀ nínú òkùnkùn ìdájí, tí á máa dún bí abọ́ tí wọ́n ń fọ̀. Ká gbé e rìn, aláṣọ ló borí.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ẹran ṣe máa wò ó. Akọ àgbọ̀nrín kì í sáré wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tààrà, á yí po, á máa wá ibi tí afẹ́fẹ́ á ti gbé òórùn onítọ̀hún wá bá imú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ akọ ló rí, iwájú ló ti máa ń kò ó lójú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí ère akọ kọjú sí ibi tí a lúgọ sí, kí akọ ààyè lè kọ ẹ̀yìn sí wa. Ère abo ni à ń jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí wa, torí ẹ̀yìn ni akọ ń gbà tọ̀ ọ́.

Mo ṣe gbogbo èyí. Ère wà ní nǹkan bíi mítà 20, èmi wà lórí igi. Akọ kan yọ létí pápá, ó tẹ etí mọ́ ẹ̀yìn, irun ọrùn rẹ̀ dìde, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bọ̀. Mo ti ń fa ọsán ọrun mi. Ó yí dé ọ̀kánkán orí ère, ère bá di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan! Ẹni tó ń bọ̀ wá bá jà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó na ìrù funfun rẹ̀ sókè, ó wọgbó. Ibi tó yẹ kí ẹran dúró sí fún ọfà gan-an ni aláṣọ ti ń pòórá. Wọ́n ní kí n ra méjì, kí n tò wọ́n bí igun. Ṣé kí n wá fi owó kún owó ni?

Oníke kì í pòórá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, akọ kan yí tèmi po tán, ó sì fi ìwo gbá a ṣubú. Orí akọ náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo ta á lọ́fà.

Afẹ́fẹ́ líle: aláṣọ á máa gbọ̀n. Òórùn: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún méjèèjì, oníke ṣeé fọ̀, aṣọ ń gba òórùn sára. Ìwo: ti oníke ṣeé yọ. Ẹ yọ ẹyọ kan kí akọ kékeré má baà bẹ̀rù, ẹ yọ méjèèjì, ó di abo. Ewu: oníke léjìká jọ ẹran gidi lójú ọdẹ mìíràn, ẹ fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn wé e. Nígbà tí àwọn oníbọn bá wà nígbó, ẹ fi méjèèjì sílé.

Bẹ́ ẹ bá ń rìn jìnnà, tí ẹran kò sì lè gba ibòmíràn kọjá ju ẹ̀gbẹ́ ère lọ, aláṣọ á ṣe é. Tèmi ṣì wà, mo fi bo igi ìdáná.