Bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀: ẹnu ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ wà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti màmá mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, fi wọ bọ́ọ̀sì tuntun tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ti rò pé ọ̀nà yẹn ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọwọ́ awakọ̀ la ti ń sanwó nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́. Ẹnì kan á máa wá owó nínú àpò, ẹlòmíràn á máa dúró gba ṣéńjì. Màmá mi á di irin mú, wọn á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọn á sinmi kí wọ́n tó gbé èkejì, àwọn tó wà lẹ́yìn wa á sì máa pòṣé. Ní ibùdókọ̀ tuntun, a ti fi káàdì sanwó ká tó débi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ọkọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, màmá mi kàn rìn wọlé bí ẹni ti yàrá bọ́ sí pálọ̀. Kò pé ìdajì ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi gbéra. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Curitiba ní Brazil ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti ọdún 1974, nígbà tí Jaime Lerner, ayàwòrán ilé, ń ṣe olórí ìlú. Síbẹ̀, ó di 1991 kí wọ́n tó kọ́ ibùdókọ̀ onígíláàsì tó rí bíi páìpù, tí èèyàn ti ń sanwó kó tó wọkọ̀. Ọdún 17 ni ọ̀nà fi ṣáájú ilẹ̀kùn!

Ohun tó dùn mí ni afárá ẹlẹ́sẹ̀. Àárín títì ni ibùdókọ̀ wa wà, àtẹ̀gùn 38 la máa gùn ká tó sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ tẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba fún màmá mi, wọ́n wá gbé òkè dí wọn lọ́nà. Iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ì bá ti tó, kí ẹlẹ́sẹ̀ gba orí ilẹ̀ kọjá.

Lálẹ́, èrò máa ń kún jù. Ìyẹn ò tó kí n padà sínú ti àtijọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń bá màmá mi lọ, torí àtẹ̀gùn yẹn nìkan. Bó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀sì ni, wọn ì bá máa dá lọ.